Ọtí Ọdún Mẹ́wàá, Irú Ọjọ́ Mẹ́ta

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi oríkì mi pè mí láyé yìí, ìyá mi sì ni. Bàbá mi tó mọ̀ ọ́n ti kú. Àwọn tá a jọ dàgbà ní Tudun Wada, ní Zaria, orúkọ ilé ìwé ni wọ́n mọ̀ fún mi. Àwọn tí mo bá níbí ò tiẹ̀ lè pe èyí tó wà nínú páspọ́ọ̀tù mi dáadáa. Mi ò ní kọ oríkì náà síbí. Ó ṣì ń tì mí lójú láti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, ẹ óò sì mọ ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìlú kékeré kan ní àríwá Ìlú Ọba ni mo wà. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni kí n máa gbé páálí bíà látinú ọkọ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ilé ìtajà kan. Èmi tó jẹ́ pé ní ìjọ wa ní Zaria, tí wọ́n bá rí ìgò bíà lọ́wọ́ ẹ, o ò ní wọ aṣọ akọrin mọ́. Nígbà tí ìyá mi béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo ní ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí ni. Inú ẹ̀ dùn, ó lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo rò pé kékeré ni.

Ẹni tó ni ilé ìtajà náà ni Hẹ́lẹ́nì, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ń fi gíláàsì ojú méjì ṣiṣẹ́, ọ̀kan fún òkèèrè, ọ̀kan fún ìwé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní kí n máa pe òun ní Hẹ́lẹ́nì. Mo gbìyànjú, ẹnu mi kọ̀. Ẹni tó lè bí mi. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ni mo máa ń lọ dúró síwájú ẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù nù, títí tó fi máa gbójú sókè. Nígbà tó yá, mo ní kó jẹ́ kí n máa pè é ní Mama. Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, gbogbo obìnrin tó bá ti tó ìyá ẹni, Mama là ń pè é, ì báà jẹ́ ẹni tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ wọ kẹ̀kẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó gbà, ó sì ń ròyìn ẹ̀ fún gbogbo oníbàárà tó bá wọlé.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe òtútù, torí ọyẹ́ Zaria náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbá èèyàn létí. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Tudun Wada o ò lè dé ojúde láìkí èèyàn mẹ́wàá, ẹni tó ń sọ Haúsá, ẹni tó ń sọ Yorùbá, ẹni tó ń da gbogbo ẹ̀ pọ̀. Níbí, lọ́jọ́ Sọ́ńdè tá a bá tilẹ̀kùn ìtajà, ohùn mi lè má jáde láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà míì mo máa ń dédé wúkọ́ kí n lè mọ̀ pé ó ṣì wà. Ìpè ìyá mi ló ń gbà mí. Lẹ́yìn ìsìn, á pè mí lórí fídíò, á ki mí ní oríkì lẹ́ẹ̀mẹta, á wá béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo máa ń jẹ́ kó ki mí tán kí n tó dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó wo iye tí wọ́n kọ sára ìgò kan lórí pẹpẹ. Ìgò náà ò tóbi, eruku ti bò ó lọ́rùn. Pọ́n-ùn méjìdínlógójì. Owó iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ mi nìyẹn, lórí nǹkan tí kò lè kún ife méjì. Mo bi Hẹ́lẹ́nì bóyá wúrà ni wọ́n yọ́ sínú ẹ̀.

Ó fà mí jókòó. Ó ní bíà tí gbogbo ayé mọ̀, kíá ló yẹ kí wọ́n mu ún kó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Ọkà tí wọ́n fi pọn ọ́n pọ̀ ju ti bíà yòókù lọ fíìfíì, wọ́n sè é láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ títí tó fi ki, wọ́n gbé e sínú àgbá onígi fún odidi ọdún kan kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ó le débi pé kì í tètè bàjẹ́, ńṣe ló ń yí padà. Adùn tó ní lọ́dún kẹta kọ́ ló máa ní lọ́dún kẹwàá. "Ẹni tó bá rà á," ó ní, "àkókò ló ń rà. Ẹnì kan ti bá a dúró dè é."

Mò ń mi orí, ṣùgbọ́n inú ń bí mi díẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó ń se nǹkan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tó ń wé e, tó ń dúró dè é, kò sì sẹ́ni tó sanwó ìdúró yẹn fún un rí.

Irú ni ìyá mi ń ṣe. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ń ṣe é láti ìgbà tí bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Á ra kalwa, ìyẹn kóró tí wọ́n fi ń ṣe irú, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Shika. Á sè é láti ìdájí, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ọpọ́n kí èèpo lè bọ́, á ṣàn án, á tún un sè, á dà á sínú igbá, á wá fi aṣọ àti àpò wé e fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣí i wò. Á kàn ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ láti mọ bó ṣe gbóná tó, á gbé imú sún mọ́ ọn, á ní, "Ó tó," tàbí "Ó ku díẹ̀," tàbí "Ó ti kọjá." Èyí tó bá ti kọjá, kì í tà á. Mo ti mọ òórùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kí n tó mọ ìwé kà.

Òórùn yẹn náà ló jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní Daddawa, tó jẹ́ orúkọ tí Haúsá ń pe irú. Mo sọ fún wọn pé ilé kejì wa ni wọ́n ti ń ṣe é, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan tí ìyá mi gbé owó ilé ìwé wá fúnra ẹ̀, ilé ìgbẹ́ ni mo sá sí títí tó fi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan Hẹ́lẹ́nì ṣí ìgò kan láti tọ́ ọ wò. Kó tó gbé e dé ẹnu ni mo ti ní, "Ó ti kọjá." Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú sínú agbada ìfọwọ́, ó sì wò mí tìyanutìyanu. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó jiyàn, ṣùgbọ́n àwọn bíà líle wọ̀nyẹn, tí wọ́n bá ti dàgbà, òórùn irú ni wọ́n máa ń ní. Tó bá mọ níwọ̀n, ó ń gbé adùn ẹ̀ yọ. Tó bá ti pọ̀ jù, ó parí. Èyí tí Hẹ́lẹ́nì ṣí lọ́jọ́ náà, irú ọjọ́ kẹrin gan-an ni, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún torí pé ó rán mi létí ilé. Hẹ́lẹ́nì béèrè ibi tí mo ti kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ló dá a mọ́ mi.

Bí mo ṣe gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà nìyẹn. Àìsàn kan ti mú kí imú Hẹ́lẹ́nì má fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó máa gbọ́kàn lé tèmi. Ó fi owó kún owó mi. Èmi ni mò ń yan ohun tá a máa rà, èmi ni mò ń sọ èyí tó ti tó láti tà. Lọ́sàn-án Sátidé, tí àwọn oníbàárà bá wá tọ́ bíà wò, èmi ni mò ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: ṣokoléètì, dàbínò, awọ bàtà tó ti pẹ́. Wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á dijú, wọ́n á ní, "Kí lèyí tó wà nísàlẹ̀ yìí gan-an?" Mo mọ̀ ọ́n. Ṣokoléètì ni mo máa ń pè é.

Irú Sátidé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. A tó mẹ́jọ nínú yàrá náà. Mò ń fi fóònù mi ya àwòrán ìgò kan fún wọn nígbà tí ìpè wọlé, ìka mi sì gbé e kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ló yọ. Kò wé gèlè. Ó lọ́ ìró mọ́ àyà, ó dúró sínú ọpọ́n, kalwa dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀, èéfín ń rú lẹ́yìn ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ki mí ní oríkì, ohùn ẹ̀ gba gbogbo yàrá.

"Mama, mo wà níbi iṣẹ́," ni mo sọ.

Obìnrin kan tó máa ń wé síkáàfù pupa mọ́ ọrùn, tí kì í pa Sátidé kankan jẹ, na ọrùn wò ó. Ó ní, "Áà, ṣé ìyá rẹ nìyẹn?"

Ohun tó yẹ kí n sọ ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Mo wo ẹsẹ̀ ìyá mi, mo wo ife tó wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Rárá o. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo obìnrin àgbà là ń pè ní Mama nílé wa. Ẹni tó ń bá wa dáná ni." Hẹ́lẹ́nì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òótọ́ ni, èmi náà, Mama ló ń pè mí."

Ìyá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìyàwó olùkọ́ yunifásítì ní GRA ló ti ń ta irú fún láti ogún ọdún. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ojú ẹ̀ ò le, ẹ̀rín náà kàn rọra kúrò. Ó tẹ orí ba díẹ̀ fún obìnrin onísíkáàfù náà bó ṣe ń ṣe fún oníbàárà ẹ̀, ó ní, "Good afternoon, ma. I will call back." Ó bá mi gbé irọ́ náà dúró. Lẹ́yìn náà ó pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì ó pè mí lẹ́yìn ìsìn bó ṣe máa ń ṣe. Orúkọ inú páspọ́ọ̀tù mi ló fi pè mí. Ó béèrè àlàáfíà mi, ó ní òjò ti rọ̀, ó ní ó dàbọ̀. Mo dúró kó ki mí ní oríkì, kò ki mí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Kò bú mi, kò béèrè nǹkan kan, kò yẹ ìpè ẹ̀ rí. Ó kàn ń pè mí bí gbogbo ayé ṣe ń pè mí.

Mo mọ ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n bíà ni mo sá sẹ́yìn ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé àwọn ìgò tó rí ló ń bí i nínú. Fún oṣù mẹ́ta, èmi ni mò ń rojọ́ bíà lórí fóònù. Mo ní kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń mu ní Sabon Gari, tí wọ́n á wá ṣubú sí gọ́tà. Mo ní àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń mu ún, ife kékeré báyìí, ó wọ́n débi pé kò sẹ́ni tó lè mu ún yó. Á ní, "To. Mo ti gbọ́." Lọ́jọ́ kan mo bínú, mo ní, "Mama, ṣé bíà yìí náà lẹ ṣì ń bínú sí?" Ó ní, "Èmi ò dárúkọ bíà. Ìwọ lò ń dárúkọ ẹ̀."

Ní oṣù Kejìlá, mo gbàyè, mo lọ sílé. Hẹ́lẹ́nì fún mi ní ìgò kan nínú àwọn ọlọ́dún mẹ́wàá tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, pé kí n lọ fi dá àwọn ará ilé mi lọ́lá. Mo fi aṣọ òtútù wé e nínú àpótí.

Ìyá mi gbà mí lálejò. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé èèyàn bó ṣe dùn mí tó. Ó nu àga, ó gbé omi wá nínú gíláàsì lórí tíréè, ó fi àwo tó máa ń gbé fún pásítọ̀ bu oúnjẹ fún mi. Nígbà tí mo dìde láti lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Má lọ síbẹ̀. Aṣọ ẹ á gba òórùn." Ohùn ẹ̀ tutù. Ó tún pe orúkọ páspọ́ọ̀tù náà mọ́ ọn.

Ọjọ́ kẹta ni mo bọ́ bàtà, mo gbé ìgò náà dání, mo lọ bá a níbi tó ti ń wé irú. Igbá mẹ́rin ló wà nílẹ̀.

Ó ní, "Kí lèyí?"

"Bíà ni, Mama. Ọ̀gá mi ló ní kí n gbé e wá."

"O mọ̀ pé mi kì í mu ún."

"Ẹ má mu ún. Ẹ bá mi gbóòórùn ẹ̀."

Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó gbé imú sún mọ́ ẹnu ìgò tí mo ṣí. Kò yára. Bó ṣe ń ṣe sí igbá ẹ̀ náà ló ṣe sí i. "Haba," ó ní. "Irú mà ni. Ó sì ti kọjá." Ó gbójú sókè. "Eélòó ni wọ́n ń tà á?"

Mo sọ ọ́ ní náírà. Ó wo igbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Tí mo bá ta gbogbo eléyìí tán, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń rà á, ṣé wọ́n mọ̀ pé ó ti kọjá?"

"Wọn ò mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo yàn án. Nígbà tá a ṣí àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

"O sọ fún wọn?"

"Mi ò sọ."

"To," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé igbá kejì.

Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà kí n tó mọ̀, nínú eérú, àyà mi nílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní ọjọ́ wo. Ó fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo ní, ọjọ́ tí mo ní ẹ kì í ṣe ìyá mi.

Ó wé igbá kejì náà tán. "Dìde," ó ní. "Èmi kọ́ lo purọ́ fún. Èmi mọ ọmọ tí mo bí. Àwọn tó o purọ́ fún wà níbi tó o fi wọ́n sí."

Ó da bíà náà sí ìdí ògiri, ó fi eérú fọ ìgò náà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní á dáa fún òróró ẹ̀pà. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, ó sìn mí dé ìdí kẹ̀kẹ́, ó gbàdúrà fún mi, ó fi orúkọ páspọ́ọ̀tù dágbére fún mi.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí bóyá bíà wọ̀nyẹn tó owó tí wọ́n ń tà wọ́n. Mo ti rí èyí tó tó o, tí mo tọ́ díẹ̀ wò tí mo sì dijú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á ò lè rí inú ìgò. Ọkà ibẹ̀ àti àgbá ibẹ̀ kọ́ ló ń sanwó fún jù, ẹnu ẹni tó ní "Ó tó" ló ń sanwó fún. Tí ẹnu yẹn bá ti ń purọ́, omi lásán sàn ju bíà náà lọ. Ìyá mi kò ta èyí tó ti kọjá rí láyé ẹ̀, ní iye tí kò tó owó burẹ́dì. Èmi ń tà á ní pọ́n-ùn méjìdínlógójì pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo padà dé, obìnrin onísíkáàfù pupa náà fẹ́ ra ìgò mẹ́fà nínú àwọn ọlọ́dún mẹ́wàá náà fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀. Ó ti mú owó jáde. Mo ní, "Ẹ má rà á. Ó ti kọjá."

Hẹ́lẹ́nì yíjú sí mi. "Ìwọ lo ní ó tó."

"Mo purọ́, Mama. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Èmi ni mo yàn án, mi ò fẹ́ kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Kò tíì dá a padà títí di òní, mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó gbà á, ó béèrè báwo ni mo ṣe ń mọ̀ ná. Mo ní ìyá mi ló kọ́ mi, irú ló ń ṣe, nǹkan tó ń rùn nísàlẹ̀ bíà yìí gan-an ni, kì í ṣe ṣokoléètì.

Ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. "Ìyá wo? Ṣebí gbogbo wọn lẹ ń pè ní Mama." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Èyí tó bí mi. Obìnrin tẹ́ ẹ rí lórí fóònù."

Mo fa fóònù yọ, mo pe ìyá mi lórí fídíò níwájú gbogbo wọn. Ẹ̀yìnkùlé náà ló wà. Ìró wà láyà, èéfín wà lẹ́yìn. Mo yí fóònù sí wọn. Obìnrin onísíkáàfù náà sún mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀?"

Ìyá mi gbọ́ ọ. Ó ń fi ojú wá mi kiri nínú fóònù títí mo fi bọ́ síwájú, ó sì tẹjú mọ́ mi, ó ń dúró kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó lè mọ èyí tó yẹ kí òun sọ. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe sí i, tí mo bá tún fẹ́ kó bá mi purọ́, ó ti múra tán.

"Ìyá mi ni," ni mo sọ fún wọn.

Ó kí wọn, "Good afternoon, ma. Good afternoon, sir," ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi, ó ki mí ní oríkì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì béèrè bóyá mo ti jẹun.